Fọ́tò Dára, Ìyàwó Sọnù

Àlejò tó bá pẹ́ díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gbọ́ tí àgbà kan ń sọ pé: "Fọ́tò dára, ìyàwó sọnù." Ọ̀rọ̀ náà yóò sì rú u lójú. Báwo ni fọ́tò ìyàwó ṣe máa dára, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ á sọnù? Ilé Àjàgbé ayafọ́tò ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, nígbà tí gbogbo fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun.

Ọkùnrin tó fẹ́ràn àtidán nǹkan wò ni Àjàgbé. Oríṣi fíìmù méjì ló ń lò. Ọ̀kan yára gba ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n hóró wínníwínní máa ń yọ lára àwòrán rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Èkejì jọ̀lọ̀, àmọ́ ó lọ́ra. Ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́. Omi oògùn tó fi ń fọ fíìmù náà jẹ́ oríṣi méjì. Omi líle a jẹ́ kí dúdú dúdú kí funfun funfun. Omi rírọ̀ a jẹ́ kí wọ́n yọ́ wọnú ara wọn. Èwo ni kó fi fọ èwo? Ìbéèrè yìí dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ, Ìyá Tinú, ìyàwó rẹ̀, a sì máa bá a jà nítorí ọbẹ̀ tó ti tutù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ ẹ sílẹ̀ fún Oyèdòkun, ọmọ ìlú tó ń ṣòwò ní Kùmásí, nílẹ̀ Gánà. Ọkọ àti ìyàwó kò tíì fojú kan ara wọn rí.

"Bàbá Tinú, ẹ yà á dáadáa o," ni ìyá wí. "Fọ́tò yìí ni ọkọ rẹ̀ máa fi dá a mọ̀ ní ibùdókọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá."

Àwẹ̀ró dúdú bí kóró iṣin. Pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àpá kékeré kan sì wà níwájú orí rẹ̀. Fíìmù méjèèjì ni Àjàgbé fi yà á. Ó fi omi líle fọ èyí tó yára: dúdú yọ, pélé yọ, àpá yọ, iyanrìn náà sì yọ. Nígbà tó ń ya èyí tó lọ́ra, ìjókòó pẹ́, èémí mi ọmọ náà díẹ̀, pélé àti àpá sì rá. Àjàgbé tún wá fi omi rírọ̀ fọ ọ́. Ojú Àwẹ̀ró wá mọ́ bíi ti ẹni tó pupa, ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó.

Inú Àjàgbé dùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

"Ta nìyí?" ni Ìyá Tinú bi í.

"Àwẹ̀ró ni!"

"Àwẹ̀ró wo?"

Àjàgbé rẹ́rìn-ín. "Bí ẹwà bá pọ̀ jù, ojú kì í tètè dá a mọ̀." Ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Kùmásí.

Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ. Kò pẹ́ ló tún padà dé, tòun ti àpótí lórí. Kò tilẹ̀ yà sílé ìyá rẹ̀; ilé Àjàgbé ló kọ́kọ́ wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ojú mi fún mi."

"Kí ló dé?"

"Mo jókòó sórí àpótí ní ibùdókọ̀. Ọkọ mi ń kọjá lọ kọjá bọ̀ níwájú mi, fọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní èmi ni, ó wò mí, ó wo fọ́tò. Ó ní aṣọ jọra, ìlẹ̀kẹ̀ jọra, ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ ìyàwó òun. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ padà."

Ìyá Tinú yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tinú, fọ́tò dára, ìyàwó sọnù."

Ojú ti Àjàgbé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra. Ó wọ yàrá òkùnkùn lọ, ó mú fíìmù oníyanrìn jáde, ó tẹ fọ́tò mìíràn. Àwẹ̀ró gbà á, ó fi ìka tọ pélé náà.

"Èmi rèé," ló wí.

Àjàgbé fi í ránṣẹ́ sí Oyèdòkun pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Oyèdòkun fúnra rẹ̀ ló wálé. Ó wo fọ́tò, ó wo Àwẹ̀ró, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀. Àwẹ̀ró gba fọ́tò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì nà án sí Àjàgbé tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ìyàwó yín. Èmi ti ń bá ọkọ mi lọ."

Oyèdòkun ló fi orí ara rẹ̀ ru àpótí dé ibùdókọ̀.

Àjàgbé gbé fọ́tò dídán náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí oníbàárà bá ní kó ya òun kóun dán báyìí, á nàka sí i, á sọ ìtàn Àwẹ̀ró fún un. Títí dòní, bí ẹnì kan bá tún nǹkan ṣe títí tí nǹkan ọ̀hún kò fi jọ ara rẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un náà ni pé: fọ́tò dára, ìyàwó sọnù.