Adébùtú Atukọ̀ àti Ìyá Erinmi

Kò sí ẹni tó gbé Èbúté Ìjẹlú láyé ìgbà náà tí kò mọ Adébùtú atukọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó ẹrù, wọ́n ń fi kó ẹja, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: àlejò ló ń gbé lọ wo ẹran odò. Àwọn ará ilẹ̀ òkè, tí omi tó tóbi jù tí wọ́n rí rí kò ju kànga ilé wọn lọ, ni wọ́n sábà máa ń wá. Wọ́n á wo ọ̀nì tó ń yáàrùn lórí iyanrìn, wọ́n á wo lékeléke tó kún orí igi, ṣùgbọ́n ohun tó gbé wọn kúrò nílé gan-an ni erinmi. Agbo erinmi kan wà níbi tí odò ti yà sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlú, baba ńlá Adébùtú pàápàá bá wọn níbẹ̀ ni.

Adébùtú ní àwọn òfin tirẹ̀. Kì í gbé ju èèyàn mẹ́ta lọ. Ó máa ń fi àkísà we àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀, kí ó má baà máa ta omi pààpàà. Bí wọ́n bá sì dé ìdí igi àràbà tó wà ní ìpẹ̀kun èbúté, á bu omi mímu fún olúkúlùkù pé kí wọ́n fi sẹ́nu, kí wọ́n má sì gbé e mì títí wọn yóò fi padà débẹ̀. Ẹni tí omi bá kún ẹnu rẹ̀ kò lè pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò lè máa bèèrè bóyá ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ti ọ̀pá gígùn bọ ilẹ̀ odò, á fi dá ọkọ̀ dúró sí òkèèrè, wọ́n á sì máa wòran. Efúnyẹmí ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ti rí oògùn ẹnu gbogbo ayé, tòun nílé ló kù.

Ní ọdún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Yèyé Adépèlé dé láti ilẹ̀ òkè. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Gbádégẹṣin, ló mú un wá. Láti kékeré ni Yèyé ti ń gbọ́ ìròyìn erinmi. Ọkọ rẹ̀ ṣèlérí pé òun á mú un wá wò ó, ikú kò jẹ́ kó ṣe é. Nísinsìnyí, ojú Yèyé ti ń ṣú. Bí o bá jókòó tì í, á rí ọ. Bí o bá dìde dé ẹnu ọ̀nà, o ti di òjìji lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì ní, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ rìn wá yóò gbéra padà sílé lọ́jọ́ karùn-ún.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jókòó sójú omi títí oòrùn fi mú. Etí àti ihò imú nìkan ni àwọn erinmi yọ síta, ní òkèèrè réré. Yèyé ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí àràbà, ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù.

“Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí,” ló wí. “Mo dúpẹ́, ọmọ mi.”

Ọpẹ́ yẹn dun Adébùtú ju èébú lọ. Ọjọ́ kejì kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, Gbádégẹṣin fa atukọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè sún mọ́ wọn díẹ̀ ni?”

“Abo kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú wọn. Òun ló mọ ọjọ́ tó máa jáde.”

“Yèyé ò ní ọjọ́ tí wọ́n máa fi dúró dè é, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adébùtú lára. Àánú ìyá arúgbó náà ń ṣe é. Ká má parọ́, ìgbéraga náà wà níbẹ̀ díẹ̀: kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nílẹ̀ òkè pé àwọn dé ọ̀dọ̀ Adébùtú, àwọn kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, kò bu omi fún ẹnikẹ́ni. Ó tú àkísà kúrò lára àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ gba ẹ̀yìn koríko odò lọ, níbi tó mọ̀ pé abo náà fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ lu omi kí ẹran náà lè sá jáde síwájú Yèyé. Ẹran náà jáde lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló gbà yọ, ó sì fi orí kọ lù ú. Ọkọ̀ fì, ó lọ gbá kùkùté igi kan, ọwọ́ ọ̀tún Adébùtú sì há sáàárín méjèèjì. Gbádégẹṣin di ìyá rẹ̀ àgbà mú ṣinṣin. Kí omi tó rọlẹ̀, ìyá erinmi àti ọmọ rẹ̀ ti rì sísàlẹ̀ odò.

“Kí ló kọ lù wá?” ni Yèyé ń bèèrè. Kò rí nǹkan kan.

Nílé, Efúnyẹmí fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọwọ́ tó ti wú náà.

“Bàbá Ṣèyí, ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní sùúrù,” ló wí. “Kí ló dé?”

“Ojú ń tì mí, Efúnyẹmí. Má bi mí mọ́.”

Lọ́jọ́ kẹrin, Adébùtú fẹ́ ránṣẹ́ pé òun kò lè lọ, àmọ́ nígbà tó dé èbúté, ó bá Yèyé tó ti jókòó sínú ọkọ̀.

“Mi ò bèèrè erinmi lọ́wọ́ rẹ,” ni Yèyé wí. “Mo kàn fẹ́ jókòó sórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó máa lọ.”

Gbádégẹṣin ló wa ọkọ̀. Wọ́n fi omi sẹ́nu nídìí àràbà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń dúró, Adébùtú mú ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Omi rọra ń gbé ọkọ̀ lọ títí ó fi wọ inú koríko, tó sì dúró síbẹ̀. Adébùtú mọ̀ pé ibẹ̀ ni abo náà wà. Ó ṣẹ́wọ́ sí Gbádégẹṣin pé kó má fọwọ́ kan àjẹ̀. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Oòrùn gòkè, eṣinṣin ń bà lé wọn, kò sẹ́ni tó lé e.

Nígbà tó yá, koríko là. Ọmọ erinmi ló kọ́kọ́ yọ, ó gbóòórùn ara ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi tú omi sí ìyá arúgbó náà lójú. Yèyé kò na ọwọ́. Ẹ̀rín ló ń rín, tí omi ẹnu rẹ̀ fi ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹran náà wò wọ́n, ó sì bá ọmọ rẹ̀ lọ.

Gbádégẹṣin wa ọkọ̀ padà sí ìdí àràbà, wọ́n sì tu omi ẹnu wọn dànù.

“Ó ní irùn lẹ́nu,” ni Yèyé wí. “Gbogbo àwọn tó ròyìn rẹ̀ fún mi, kò sẹ́ni tó sọ pé ó ní irùn lẹ́nu.”

Adébùtú rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tó wú náà lé orí itan. “Yèyé, ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ fi fà á jáde fún yín.”

Yèyé rọra fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì gbá ọwọ́ náà mú. “Mo mọ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?”

“Ó ń dùn mí gan-an, Yèyé.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.