Òkété Alágbàwí Tó Tako Òfin Ọba

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Etí odò ló yà sí, ó bá Ehoro abiyamọ níbẹ̀, ó bá Òkété ẹlẹ́nu dídùn.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá. Ehoro yá àgbàdo lọ́wọ́ Erin, ó fi ilé rẹ̀ dógò. Apẹ̀rẹ̀ kan ni yóò máa san lóṣooṣù. Nígbà tó yá, agbára rẹ̀ ò ká a mọ́. Ẹ̀rù Erin sì ń bà á, kò lè lọ bẹ̀ ẹ́.

Òkété gbọ́, ó dé.

"Ìyá Ehoro, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá Erin sọ̀rọ̀. Màá bá yín bẹ̀ ẹ́ kí ó dín in kù. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ fún mi lówó ẹsẹ̀, ogún àgbàdo péré. Ẹ má sì yọjú sí Erin o! Ẹ ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́."

Ehoro kó o fún un. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Erin ń sùn. Ẹ mú mẹ́wàá sí i." Lẹ́yìn èyí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti ń wọ̀ ọ́ létí. Ẹ tún mú mẹ́wàá wá." Àwọn ọmọ Ehoro ń febi sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkété ń ṣe lọ́dọ̀ Ìgalà àti Òòrẹ̀.

Kìnìún ọba gbọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣòfin: alágbàwí kankan kò gbọdọ̀ gba nǹkan kí iṣẹ́ tó parí.

Inú bí Òkété. Ó sáré káàkiri igbó, ó ń kọrin:

Wọ́n fẹ́ fòfin dè wá o,
Tèrè nàjà!
Alágbàwí ò ní jẹun mọ́,
Tèrè nàjà!
Ta ni yóò bá yín bẹ Erin?
Tèrè nàjà!

Gbogbo ẹranko ló ké sí pé kí wọ́n wá bá òun tako òfin náà. Ó gbàgbé pé ẹranko ni Erin náà.

Ọjọ́ tí ọba dá pé. Òkété dìde níwájú ọba.

"Kábíyèsí, èmi àti Ìyá Ehoro la jọ fohùn sí i. N kò fipá gbà á. Ṣé ebi ni kí alágbàwí máa fi ṣiṣẹ́ ni? Bí ẹ bá dí wá lọ́wọ́, àwọn aláìní ni yóò jìyà."

"Òótọ́ ni!" ni àwọn kan ń wí. Ehoro pàápàá wí bẹ́ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń rò ó pé bí Òkété bá bínú, ilé òun ti lọ nìyẹn.

Ni Erin bá dé, gìdìgìdì. Ehoro kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹ̀bẹ̀ tí Òkété ń bá mi bẹ̀ yín."

"Òkété wo?" Erin wo ilẹ̀ yíká. "N kò fojú kan Òkété lọ́dún yìí."

Erin yíjú sí Ehoro.

"Ṣé apẹ̀rẹ̀ kan ló pọ̀ jù? Máa san ìdajì. Kí ló dé tí o kò fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi?"

Omi bọ́ lójú Ehoro. "Ó ní kí n má yọjú ni, Bàbá."

Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, Òkété ti gbẹ́lẹ̀ wọlé. Wọ́n lọ tú ilé rẹ̀. Òkìtì àgbàdo ni wọ́n bá, kòkòrò ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Ọba ṣe òfin rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò janpata. Láti ọjọ́ náà, Òkété kì í fẹ́ kí ojúmọmọ bá òun níta.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbà: ẹni tó ní òun ń bá wa bẹ̀bẹ̀, tó sì ní a kò gbọdọ̀ rí ẹni tí à ń bẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló ń gbèjà.