Ọkọ̀ Aláìsàn Níbi Ìsìnkú

Alága abà wa fi ọkọ̀ aláìsàn kó àlejò lọ síbi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀, ní ọjọ́ tí dókítà ń retí Ìyá Adúnbí nílùú.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo Abà Olórò ló dáwó rà á, nítorí ọsibítù jìnnà sí wa, àìsàn kò sì jìnnà. Ojú Ìyá Adúnbí kan ti fọ́; èkejì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kí òun náà tó fọ́.

"Alága, àwa aláìsàn ńkọ́?" ni ìyá béèrè, bí wọ́n ti ń kó ọtí sẹ́yìn ọkọ̀.

"Màmá, ṣé ojú yín fẹ́ sá lọ ni? Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àwọn tó ti jókòó sínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n gbàgbé pé ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Ìyá kò padà sílé. Ó fún ara rẹ̀ sáàárín wọn, ó bá wọn lọ. Nígbà tí ẹbí àna Alága jáde wá pàdé wọn, òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó o! Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ló gbé mi wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni dókítà?"