Jivi Apọnmi, Ẹni Tó Mú Ọ̀tá Lọ Wo Kànga

Ní ọjọ́ tí Ranjora àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ fọ́ ẹnubodè Motisara, ìlú wa ní ilẹ̀ Íńdíà, ibì kan ṣoṣo ló kù fún wa láti sá sí. Kànga ńlá wa ni, èyí tí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ ìlú sá pamọ́ sí. Bí ọ̀tá bá rí kànga, Motisara parẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà tóóró ìlú wa kò ṣeé dá rìn fún àlejò. Títí dòní, máàpù inú fóònù yín á kàn máa yí lójú kan ni!

Ranjora wá rí Jivi, opó apọnmi, Jivi arùkòkò-mẹ́ta-má-ta-sílẹ̀, obìnrin bí ọkùnrin. Ó fa idà yọ.

“Ìyá arúgbó, kànga dà? Bí o bá purọ́, orí rẹ á kúrò lọ́rùn.”

Jivi lè nawọ́ sí ibòmíràn, kí ó sì sá lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí wọ́n bá dá rìn, wọ́n lè ṣèèṣì já sí kànga.

“Ọmọ mi,” ó ní, “abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. N kò ní júwe, èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ.”

Ó ṣíwájú wọn, ó ń kígbe bí apọnmi ṣe máa ń kígbe: “Omi ń bọ̀ o! Omi ń bọ̀ ní ọ̀nà alágbẹ̀dẹ bàbà!” Gbogbo ọkùnrin tó lúgọ sórí òrùlé ló mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kò ní omi, kò sì já síbì kan. Wọ́n gbé ọlọ, wọ́n gbé òkúta, wọ́n sì ń dúró. Ọ̀nà ń fún lọ títí ẹṣin kò fi lè yí padà mọ́, ni Ranjora bá dojú kọ ògiri.

“Ọ̀nà parí síbí, ọmọ mi,” ni Jivi wí. “Èmi náà parí síbí.”

Idà Ranjora bà á kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀tá tó jáde. Láìmọye ìgbà ni mo ti sọ ìtàn yìí, omi kò yé bọ́ lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ Motisara kì í fi ọwọ́ júwe ọ̀nà. Bí ẹ bá wá wo ìlú wa, ẹ bi ẹnikẹ́ni pé níbo ni kànga wà. Á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á sì ṣíwájú yín. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ̀lé e. Ìdí kànga gan-an ni yóò mú yín dé.