Ogójì Kànga Òkété

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Mi ò wá tọrọ ìbò, mi ò sì ní pín ìrẹsì.
Àlọ̀ o!

Ní ìgbà kan rí, ní ọdún tí ọ̀dá mú, Ẹtu ni ìyà jẹ jù. Odò jìnnà. Ọ̀nì ti gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ létí omi, ó wá ku ọmọ kan ṣoṣo. Ohun tó ń wá kò ju kànga lọ, kí ọmọ tó kù má baà dé odò mọ́.

Àsìkò yẹn làwọn ẹranko ń wá olórí. Òkété jáde, ó fi òróró pa irunmú.

"Ẹ̀yin òbí mi, ta ló mọ ilẹ̀ gbẹ́ jù mí lọ?"

"Kò sí!"

"Ẹ dìbò fún mi, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní kànga!"

Kó tó di ọjọ́ ìdìbò, ó ti ṣí ihò sí agboolé ogójì. Kò sí èyí tó jìn ju orúnkún Ẹfọ̀n lọ. Wọ́n ń jó yí ihò ká. Ahun nìkan ló bèèrè pé, "Ta ló ti bá omi nínú ihò òkété rí?"

Wọ́n ní, "Alátakò! Ta ló rán ẹ?"

Òkété jẹ olórí. Ọdún yípo, Ẹtu lọ bá a.

"Olórí, kànga mi ò tíì kan omi o."

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. Iṣẹ́ ń lọ."

"Iṣẹ́ ọ̀hún mà bá yín lára mu. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bó ṣe wú."

"Ìrònú ìlú ló wú u."

Ẹtu délé, ó gbé ọkọ́, ó bọ́ sínú ihò fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó ń gbẹ́ ẹ tí ẹ̀gbẹ́ ihò ya lulẹ̀. Ihò mìíràn yọ! Kò lọ sísàlẹ̀ rárá. Abẹ́ abà iṣu Ẹtu ló gbà kọjá, iṣu ibẹ̀ ti di èèpo.

Ẹtu figbe ta. Àwọn ẹranko dé. Ẹfọ̀n fi ìwo tú ilẹ̀, wọ́n tọ ojú ihò náà lọ títí wọ́n fi já sí iyàrá Òkété. Ibẹ̀ ni gbogbo ogójì ihò ti pàdé. Olórí jókòó sórí iṣu ìlú, ẹnu rẹ̀ kún. Bó ṣe rí wọn, ó gbé e mì, ó nawọ́ sókè:

"Ẹ̀yin òbí mi! Bí ẹ bá lè dìbò fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i…"

Ẹfọ̀n fi ìwo gbé e kúrò lórí iṣu. Wọ́n yọ ọ́ lóyè lójú ẹsẹ̀, oníkálukú kó iṣu tirẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ilẹ̀ lójú èrò, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kó máa gbẹ́ ẹ lọ títí yóò fi kan omi, nígbà tí kò sí pàtẹ́wọ́ mọ́, ìyẹn là ń pè ní ìjọba.

Ẹ má tíì dìde.

Ẹtu ò bá wọn kó iṣu. Ó dúró síwájú Òkété.

"Omi dà?"

Òkété ń wolẹ̀. Àwọn tó kù ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ olórí tuntun. Ẹtu kọjú sí wọn.

"Mo ní, omi dà?"

Wọ́n ń bá iyàn wọn lọ.