Àṣàmú àti Ìbọn tí Kò Ní Apátí

"Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ó níbi tó ta kókó. Apátí ni irin kékeré tó tẹ̀ kọrọdọ sórí ìbọn, tí ọdẹ máa ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn kó tó yìn ín. Òun ló ń gbá ìdí ọta tí iná fi ń ṣẹ́. Bí kò bá sí apátí, ìbọn ò lè dún. Kí ló wá dé tí èèyàn á fi máa sá fún ìbọn tí kò ní in? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ní Òkè-Ọsàn nìyí.

Olóyè Àṣàmú kì í ṣe ọdẹ. Kòkó ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ló gbà á lọ́kàn, pàápàá ìbọn àtijọ́ ẹlẹ́nu méjì tó ní apátí méjì lórí. Ibi yòówù kó ti gbọ́ pé ọdẹ kan kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ohun tí wọn yóò fi ìbọn ṣe, á gbéra. Ó kó wọn kọ́ ara ògiri yàrá àlejò rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó tì í, á máa fi wọ́n hàn yín: apátí eléyìí ká bí ìwo àgbò, ó ti pẹ́ láyé, tìyẹn nà ṣóńṣó bí etí ajá, kò tíì pẹ́ tó o. Á ní kí ẹ wo ara irin rẹ̀, bó ṣe ní àmì wínníwínní bí awọ ejò, pé irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra ni. Kò purọ́. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Àwàdà rẹ̀ ni kò dára. Bó bá ti júwe ìbọn kan tán, á gbé e sójú, á kọjú rẹ̀ sí àlejò, á ní, "Gbàù!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, nítorí olóyè ni. Akínpẹ̀lú tó ń ránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á dìde kúrò níwájú ẹnu ìbọn, á lọ jókòó síbòmíràn.

Lọ́dún kan, oníṣòwò kan láti etíkun gbé ìbọn kan wá fún Àṣàmú, pé ó wà lára ẹrù òyìnbó kan tó padà sílé. Àṣàmú yẹ̀ ẹ́ wò títí. Orí rẹ̀ dán gbọ̀ọ̀rọ̀, kò sí apátí kankan níbẹ̀.

"Wọ́n ti gé apátí rẹ̀," ni ó wí. "Igi lásán nìyí."

Ó fẹ́ ṣí i, ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, kò ṣí. Bó ṣe ń fi àkísà olóròóró nù ún, bọ́tìnì kékeré kan sún síwájú lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Kò kà á sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àlejò kún ilé rẹ̀, ó gbé ìbọn yìí, ó kọjú rẹ̀ sí Akínpẹ̀lú. Akínpẹ̀lú dìde.

"Jókòó, jàre," Àṣàmú wí. "Eléyìí ò tilẹ̀ ní apátí. Kí lò ń sá fún?"

"Ìbọn ní apátí, kò ní apátí," Akínpẹ̀lú dáhùn, "ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Èmi ò mọ ìbọn. Ibi tó kọjú sí ni mo mọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í pé akin wo ló wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n inú Àṣàmú ò dùn. Ó dà bíi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìmọ̀ rẹ̀ wọ́lẹ̀ lójú àwùjọ. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró! Wá dúró síbí, kí o fi han ọkùnrin yìí pé obìnrin láyà jù ú lọ."

Àwẹ̀ró jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. Ó wo ìbọn, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Olóyè, ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?"

"Kò ní apátí, Àwẹ̀ró. Ṣé mo lè pa ọ́ ni?"

Àwẹ̀ró bá dúró.

Akínpẹ̀lú ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó ta gìrì, ó gbá ẹnu ìbọn sókè gẹ́lẹ́ bí ìka Àṣàmú ṣe fà á. Ìbọn dún! Páànù òrùlé ya, eruku bo gbogbo wọn. Nígbà tí èéfín lọ, Àwẹ̀ró ṣì dúró níbi tó wà, ó di ògiri mú.

Àgbà ọdẹ kan ló padà bá wọn tú ìbọn náà. Inú ni wọ́n rọ apátí rẹ̀ sí, níbi tí ojú ò lè rí i, ọta tí òyìnbó náà kì sí i ló sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bọ́tìnì kékeré yẹn ló ń dè é kó má baà dún, sísún tó sún síwájú ló tú u sílẹ̀.

Àwẹ̀ró kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó di aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé ìyá rẹ̀. Àṣàmú ránṣẹ́ títí, kò gbọ́ èsì. Nígbà tó sú u, ó bẹ Akínpẹ̀lú, àwọn méjèèjì jọ lọ.

"Ìyá," Àṣàmú bẹ̀rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, "irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò dé ìlú wa rí. Inú ni apátí rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

"Àna mi," ìyá arúgbó náà dá a lóhùn, "ẹ ti sọ ti ìbọn. Ẹ ò tíì sọ ti ọmọ mi."

Àṣàmú wo Akínpẹ̀lú bí ẹni ń wá olùgbèjà. Akínpẹ̀lú ń wo ilẹ̀. Ohùn Àwẹ̀ró bá wá láti inú yàrá:

"Mo bi yín bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Apátí lẹ fi dá mi lóhùn."

Àṣàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìbáà jẹ́ igi lásán ni," ni ó wí, "kò yẹ kí n kọjú rẹ̀ kọ ẹni tó fọkàn tán mi."

Àwẹ̀ró padà sílé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó padà. Àṣàmú ò dẹ́kun àtimáa kó ìbọn jọ. Àwàdà yẹn ni kò sẹ́ni tó tún gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ń fi ohun tó lè pani ṣeré lójú ẹni, tó ń búra pé kò lè ṣe nǹkan, àgbà kì í dúró bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Á yà kúrò lọ́nà, á ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?