Ẹni Tí Ó Ń Pọn Omi Kíláàsì

Ọmọbìnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Ìlú náà kò tóbi, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì ní èrò. Nígbà tí kíláàsì rẹ̀ dé ọdún àṣekágbá, àwọn méje péré ni ó ṣẹ́ kù, wọ́n sì mọ ara wọn bí ọmọ ìyá ti ń mọra.

Kò sí ẹ̀rọ omi lórí òkè yẹn. Àmù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kíláàsì ni wọ́n sì ń pọn omi sí i láti odò tó wà nísàlẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń gbà á fún ara wọn: bí òní bá jẹ́ ti ẹnì kan, ọ̀la á jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Abà tí ọmọbìnrin yìí ti ń wá wà ní òdìkejì odò. Lọ́jọ́ kan ní ọdún àkọ́kọ́ wọn, ọmọkùnrin tí ó jẹ́ olórí kíláàsì sọ fún un pé, "Ìwọ ṣáà máa gba odò kọjá. Jọ̀ọ́, bá mi pọn tèmi lọ́la." Ó bá a pọn ọ́n. Kí ni ó wà nínú ìyẹn láàárín ẹgbẹ́? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ní orí ń fọ́ òun. Òmíràn ní bàtà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, kò sí ẹni tí ó rántí mọ́ pé iṣẹ́ náà kan ẹlòmíràn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Olómi, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà.

Ohun tí ó ń pàdánù kò hàn sí wọn. Olùkọ́ ìṣirò wọn ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjì, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ni ó máa ń wá, tí yóò sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ kí oòrùn tó mú. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá pẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Òkè náà ga, omi sì wúwo. Kí ọmọbìnrin náà tó gun òkè dé, olùkọ́ á ti kọ ìdajì pátákó kún. Á sọ garawa kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á dúró lójú fèrèsé, á máa na ọrùn wo ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pé, "Omi ti dé o!" Bí olùkọ́ bá sì parí, á bu omi mu nínú garawa náà kó tó lọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà fẹ́ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í sì í gba ẹni tí kò yege nínú ìṣirò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìmúrasílẹ̀, ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ìṣirò nìkan ni ó gbé e ṣubú. Ìdánwò gan-an sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àsìkò yẹn ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdágbére. Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọn kì í dúró kí ìdánwò parí kí wọ́n tó ṣe é, nítorí oníkálukú ló máa ń bá tirẹ̀ lọ bí ó bá ti kọ ìwé tán. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n se ìrẹsì, àwọn òbí sì wá. Ìyá ọmọbìnrin náà wá láti abà, ó ró ìró tí ó fi pamọ́ fún ọjọ́ ẹ̀yẹ.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dìde, ó sọ ohun tí òun kò ní gbàgbé. Ọ̀kan rántí ewúrẹ́ tí ó wọ kíláàsì, tí ó jẹ àwòrán ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. "Kí a tó lé e jáde, ó ti jẹ gbogbo Áfíríkà tán!" Òmíràn rántí ọjọ́ tí ìjì fẹ́ ká òrùlé lọ, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú. "Ọ̀gá, a rò pé ẹ̀yin àti ilẹ̀kùn yẹn ni ẹ ó jọ fò lọ." Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wá kan olórí kíláàsì. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a lò níbí, omi kò wọ́n wa rí. Àwọn kíláàsì mìíràn ń torí omi jà. Àwa kò jà rí. Ìyá Olómi, bọ́ síwájú!" Ó gbé garawa tuntun kan jáde, wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọwọ́ garawa náà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ìṣirò náà pàtẹ́wọ́. Ìyá ọmọbìnrin náà bú sí ijó.

"Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́," ìyá rẹ̀ sọ sí i létí.

Ó kúnlẹ̀. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé wọn kò fi òun ṣẹ̀sín. Inú wọn dùn sí i ní tòótọ́, ìyẹn gan-an ni ó sì dùn ún jù.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ni ó kàn láti pọn omi lọ́la?"

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Olómi! Garawa tuntun wà lọ́wọ́ rẹ, o tún ń bèèrè?" Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́, nítorí ọmọbìnrin náà kò bá wọn rín in.

"Ojú fèrèsé ni mo ti kọ́ ìṣirò," ó ní. "Ẹ̀yin wà nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó kù. Mo fẹ́ jókòó."

"Ṣé o fẹ́ ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́ ni?" ìyá rẹ̀ bínú. "Dìde níbẹ̀!"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rọra dá sí i. "Ọmọ mi, a ó yanjú ìyẹn tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí á jẹun ná."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá." Orí ìkúnlẹ̀ ni ó ṣì wà. "Bí a bá jẹun tán, oníkálukú á lọ sílé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn."

Olórí kíláàsì wo àwọn yòókù. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ìrẹsì ti ń tutù. Níkẹyìn, ó ní, "Èmi ni ó kàn. Tèmi ni o kọ́kọ́ bá wa pọn." Nígbà náà ni ọmọbìnrin náà tó dìde.

Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Olùkọ́ ti kọ ìdajì pátákó kún kí olórí kíláàsì tó dé lójú fèrèsé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹ̀wù rẹ̀ tutù rinrin. Olùkọ́ wo ọmọkùnrin náà, ó wo ọmọbìnrin náà. Ó wá lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọkùnrin náà pé kó wọlé. Ọmọbìnrin náà rí i pé ilẹ̀kùn yẹn kò le tó bí òun ti rò. Kò ṣáà sí ẹni tí ó ṣí i fún òun rí.

Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà yòókù ni wọ́n ń pọn omi lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn méjì tó kù ní àwọn kò ní pọn ọ́n, pé ọmọbìnrin náà ti ba ìdágbére àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò lè san gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọbìnrin náà kùnà nínú ìṣirò. Ó tún un kọ ní ọdún kejì, ó sì yege. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ níbi tí wọ́n ń lọ.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, má ṣe bá olórí kíláàsì náà wí títí tí o fi máa gbàgbé ara rẹ. Wo ìyàwó ilé yín tí kì í jókòó jẹun bí ẹbí bá péjọ. Wo ọmọ ọ́fíìsì rẹ tí ó máa ń dúró láti ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀yin yòókù bá ti lọ sílé. O máa ń sọ pé ọmọ dáadáa ni, pé kì í ráhùn. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tí ó ń pàdánù kí ara lè tù ọ́? Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í rọ́pò ìpín iṣẹ́ ẹni. Kọ́kọ́ gba ẹrù náà lórí rẹ̀. Bí o bá ti gbé e rìn fúngbà díẹ̀, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ irú ọ̀rọ̀ ìyìn tí ó yẹ kí o sọ.